Fọ́ọ̀mù Ta-Ló-Mọ̀-Ọ́

Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ọkùnrin kan fún yín, ẹni tó dá a lójú gbangba pé ọjọ́ tí wọ́n bí òun ni ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ayé. Kì í ṣe ọba, kì í sì í ṣe mínísítà. Òun ni Ọ̀gá Àgbà ní ọ́fíìsì tó ń pín àwọn ọmọ tó bá parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn lówùúrọ̀, ẹ ó rò pé oòrùn gan-an ń dúró kó fọwọ́ síwèé kó tó yọ.

Ẹnì kan á gbé báàgì rẹ̀. Ẹnì kan á gbé awò ojú rẹ̀. Ẹnì kẹta ò gbé nǹkan kan, iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé kó máa rìn lẹ́yìn kó máa sọ pé, "Ẹ rọra, sà." Àwọn òṣìṣẹ́ á tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n á tẹrí ba, òun náà á sì na ìka méjì sí wọn bí ẹni ń wọ́n omi sí ewéko.

Orúkọ oyè tó fún ara rẹ̀ gùn débi pé kò gba ìlà kan. "Ọ̀gá Àgbà, Olùdarí Pátápátá, Alábòójútó Ọjọ́ Ọ̀la Àwọn Ọmọ Wa, Òpó Ìmọ̀." Lẹ́tà tí kò bá ní gbogbo rẹ̀, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló ń padà síbi tó ti wá. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan kọ̀wé pé òrùlé àwọn ti ṣí. Lẹ́tà náà padà nítorí pé kò sí Òpó Ìmọ̀ níbẹ̀. Ó fi Òpó Ìmọ̀ sí i, ó gbàgbé Pátápátá, ó tún padà. Nígbà tí yóò fi kọ ọ́ pé, òjò ti fi sáà kan gbáko kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìwẹ̀.

Ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn kúrú. Wọ́n ń pè é ní Ta-Ló-Mọ̀-Ọ́. Ìdí ni pé òbí yòówù tó bá wọlé tọ̀ ọ́ nítorí ọmọ, kì í bèèrè máàkì ọmọ náà, kì í bèèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Á fẹ̀yìn ti àga, á mú awò ojú kúrò, á ní, "Ta ló mọ̀ ọ́?"

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé yín, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ kan wà lórí òkè nínú ìlú náà. Òrùlé rẹ̀ pé. Yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ní irinṣẹ́ tòótọ́, kì í ṣe àwòrán irinṣẹ́. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní olùkọ́ tirẹ̀. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yòókù, olùkọ́ ìṣirò náà ló ń kọ́ wọn lórin, tó bá ti ṣàìsàn, kò sí ìṣirò, kò sí orin. Ọgọ́fà ọmọ péré ni orí òkè ń gbà lọ́dún. Àwọn tó ń wá àyè níbẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ọwọ́ Ọ̀gá Àgbà nìkan sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.

Lọ́jọ́ kan, ó pe ìpàdé. Igbákejì rẹ̀ jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọkùnrin yìí lè mi orí fún wákàtí méjì kí ọrùn má dùn ún. Akọ̀wé àgbà jókòó lọ́wọ́ òsì, bàbá kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ń sọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé òun ló ń kọ gbogbo ohun tí Ọ̀gá Àgbà ń fọwọ́ sí.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi," ni Ọ̀gá Àgbà bẹ̀rẹ̀, "kí ni à ń pè ní ìdánwò? Ìdánwò ni pé ọmọ jókòó, ó di bírò mú, ó dáhùn ohun tí wọ́n bi í. Ó parí. Ṣé ohun tí a ó máa tìtorí ẹ̀ gbé ènìyàn gẹ̀gẹ̀ nìyẹn? Èmi tí ẹ̀ ń wò yìí, ẹ ti gbọ́ ọ rí kí n dáhùn ohun tí wọ́n bi mí?"

"A ò gbọ́ ọ rí, sà," ni Igbákejì wí.

"Síbẹ̀, ibo ni mo wà?"

"Òkè pátápátá, sà."

"Ẹ ẹ̀ rí nǹkan. Àwọn tó mọ ènìyàn ló ń gbé ènìyàn dókè. Ọmọ tí kò mọ ẹnikẹ́ni, tí a bá tì í bọ àárín ọmọ àwọn ẹni ńlá, ta ni yóò máa bá sọ̀rọ̀? Kí ni yóò máa sọ? Ìyà la fi ń jẹ ẹ́. Ẹ má rò pé mo le, àánú wọn ló ń ṣe mí."

Igbákejì yọ áńkáṣíìfù, ó fi nu ojú kan. Ojú kejì gbẹ, ṣùgbọ́n ìyẹn ni kò kọjú sí Ọ̀gá Àgbà.

Báyìí ni wọ́n ṣe bí fọ́ọ̀mù náà. Nínú ọgọ́rùn-ún máàkì, ogún ni ti ìdánwò. Ọgọ́rin ni ti àwọn tó mọ ọmọ náà. Ìbéèrè méje ló wà níbẹ̀. Ta ni bàbá rẹ? Ta ló mọ bàbá rẹ? Ta ló mọ ẹni tó mọ bàbá rẹ? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ títí dé ìkeje: Ṣé ẹni ńlá kan ti wá sílé yín rí, kí sì ni wọ́n fi í jókòó lé? Wọ́n to àwọn ẹni ńlá ní ipele ipele. Ẹni tó bá mọ kọmíṣọ́nnà á gba ogójì. Ẹni tó mọ máníjà báńkì á gba ọgbọ̀n. Ẹni tó mọ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ á gba márùn-ún, kí ọmọ náà má baà sunkún.

Nígbà tí Akọ̀wé ka gbogbo rẹ̀ tán, ojú Ọ̀gá Àgbà korò.

"Èmi ńkọ́?" ni ó bèèrè.

Akọ̀wé wo ìwé náà. Lóòótọ́, kò sí i níbẹ̀.

"Kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá mọ Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ dáadáa, ọgọ́rin máàkì, kò sí ìyọkúrò. Kó kọ ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀ sí àlàfo ìsàlẹ̀. Bí àyè kò bá tó, kó so ìwé mìíràn mọ́ ọn."

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kàwé yìí, ẹ bá mi wo nǹkan. Ọkùnrin náà rò pé ẹni márùn-ún péré ló mọ òun dáadáa, ìyẹn àwọn tó máa ń bá a ya fọ́tò. Kò wá sí i lọ́kàn rárá pé ẹni tó bá ń sìn ọ́ ló mọ̀ ọ́ jù.

Láìpẹ́, èsì ìdánwò jáde. Ọmọbìnrin kan ló gba ipò kìíní. Máàkì mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ló ní, ẹni tó tẹ̀ lé e kò sún mọ́ ọn. Ìyá ọmọ náà ni obìnrin tó ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì yìí kan náà. Ó wẹ ọwọ́ rẹ̀, ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó kan ilẹ̀kùn Ọ̀gá Àgbà.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ta ni ẹ?"

"Èmi ni mò ń gbálẹ̀ yàrá yín, sà. Ọdún kẹsàn-án rèé."

Ọ̀gá Àgbà wo ilẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé wọ́n ń gbá a. "Ṣé ilẹ̀ tèmi máa ń dọ̀tí ni?"

"Ó máa ń dọ̀tí nígbà míì, sà."

Ìdáhùn náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó fojú fò ó. "Kí lo wá ṣe?"

"Ọmọ mi obìnrin ló gba ipò kìíní, sà. Mo ní kí n wá bèèrè bóyá á ríbi dúró sí nílé-ẹ̀kọ́ orí òkè."

"Ipò kìíní nínú kí ni?"

"Nínú ìdánwò, sà."

"Áà, ìyẹn. Ogún máàkì nìyẹn, mo kí ọmọ náà kú oríire. Ó wá ku ọgọ́rin. Ta ló mọ̀ ọ́?"

Obìnrin náà rò ó dáadáa, torí kì í ṣe ẹni tó ń purọ́. "Àwọn ará ilé wa mọ̀ mí, sà. Ẹni tí mo máa ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ náà mọ̀ mí."

"Màdáámù, mo ní ta ló mọ̀ ọ́. Mi ò ní ta ló ń rí ọ."

Obìnrin náà wo fọ́tò ńlá tó wà lẹ́yìn àga, níbi tí Ọ̀gá Àgbà ti ń bọ Ọ̀gá Àgbà mìíràn lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ńkọ́, sà?"

"Èmi? Ṣé mo mọ̀ ọ́ ni?"

"Rárá, sà, ẹ ò mọ̀ mí. Èmi ni mo mọ̀ yín."

Ẹ̀rín pa á. Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ. "Ta ni kò mọ̀ mí? Gba fọ́ọ̀mù níbi tábìlì Akọ̀wé, kí o lọ kọ ohun tí o mọ̀. Má fi nǹkan kan sílẹ̀."

Ó tún un sọ nígbà tó ń jáde, kó lè yé e: "Nǹkan kan o, má fi sílẹ̀."

Obìnrin náà dúpẹ́, ó sì gba fọ́ọ̀mù. Níbi àtẹ̀gùn, ó pàdé dírẹ́bà Ọ̀gá Àgbà, ó sọ ohun tí wọ́n sọ fún un. Dírẹ́bà náà ní ọmọ tó ṣe ìdánwò. Ó lọ gba tirẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ onígẹ̀rígẹ̀rí tó ń gé irun Ọ̀gá Àgbà, ó sọ fún un. Onígẹ̀rígẹ̀rí sọ fún aránṣọ rẹ̀, aránṣọ sọ fún ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, irinwó ènìyàn ó lé méjìlá ló ti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé àwọn mọ Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀, dáadáa.

Ọkùnrin wa kò mọ ibi tí yóò fi ayọ̀ náà sí. Ó ní kí wọ́n to àwọn fọ́ọ̀mù náà sórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, kí àlejò tó bá wọlé kọ́kọ́ kí wọn. Á kọjá níbẹ̀, á fọwọ́ lé wọn lórí, á wọn gíga wọn pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. Kíkà ni kò kà wọ́n. Láti ìgbà tó ti dé ipò yìí, kò tíì ka ìwé kan tó gùn ju orúkọ rẹ̀ lọ.

"Sà," ni Igbákejì wí, "láti ìgbà tí wọ́n ti dá ọ́fíìsì yìí sílẹ̀, kò tíì sẹ́ni tí wọ́n mọ̀ tó báyìí."

"Mo mọ̀," ni Ọ̀gá Àgbà wí. "Ó yẹ kí olú-ilé-iṣẹ́ náà mọ̀."

Ló bá pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe àpéjọ nínú gbọ̀ngàn ńlá. Kí wọ́n pe gbogbo òbí. Kí wọ́n pe àwọn oníròyìn. Kí wọ́n pe Alábẹ̀wò Àgbà láti olú-ilé-iṣẹ́, kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Kí wọ́n sì máa ka àwọn fọ́ọ̀mù náà sókè níkọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ayé gbọ́ irú ènìyàn tí òun jẹ́.

Akọ̀wé gbé orí sókè. Bàbá náà ti ka díẹ̀ nínú wọn. "Ọ̀gá, ṣé kí n kọ́kọ́ kà wọ́n fún yín, kó tó di ọjọ́ náà?"

"Ìyìn ara mi ni kí o wá máa kà fún mi níkọ̀kọ̀? Jẹ́ kó bá mi lójijì."

"Ó dáa, sà," ni Akọ̀wé wí. Ẹ kíyè sí i pé bàbá náà sọ tirẹ̀.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún. Alábẹ̀wò Àgbà dé, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó gbé báàgì ara rẹ̀, tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ fi awò ojú rẹ̀ sójú. Èyí fi yé Ọ̀gá Àgbà pé kò tíì gòkè tó nǹkan. Ó fún un ní àga tó kéré ju tirẹ̀ lọ díẹ̀.

Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ó lé ogún ìṣẹ́jú. Ó sọ bí òun ṣe dàgbà, ó sọ bí òun ṣe tún ń dàgbà sí i. Ó pe ìmọ̀ ní òkun, ó pe ara rẹ̀ ní etíkun. Nígbà tó jókòó, Igbákejì ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, òun náà ló sì dáwọ́ dúró kẹ́yìn. Akọ̀wé wá bọ́ síwájú pẹ̀lú ìdì fọ́ọ̀mù, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà.

Ti agbaṣẹ́ṣe kan ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́, ọkùnrin tó ń kó àga wá fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Ó kọ ọ́ pé, "Mo mọ Ọ̀gá Àgbà bí ẹni mọ owó. Ìwà rẹ̀ dà bí ìràwọ̀. A jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, àfi pé ìyá wa yàtọ̀."

Ọ̀gá Àgbà dijú, ó ń gbádùn ara rẹ̀.

Èkejì ni ti onígẹ̀rígẹ̀rí. "Mo mọ Ọ̀gá Àgbà. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń gé irun rẹ̀. Ọdún kẹfà rèé tí mo gé èyí tó fi ṣe ọgọ́ta ọdún. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn, kí n má sì kí òun kú oríire sókè. Láti ìgbà náà, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ló ń pé lọ́dọọdún, èmi náà ń pa irun rẹ̀ láró ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì kí ọ̀rọ̀ náà lè bára mu. Mo kọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n, àti pé ẹni tó ń pa àṣírí mọ́ ni mí."

Ẹ rántí pé ẹni ọgọ́ta ọdún ló ń fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ ọba. Ọwọ́ Ọ̀gá Àgbà fò lọ sórí rẹ̀, bí ẹni pé atẹ́gùn fẹ́ ṣí nǹkan kúrò níbẹ̀. Alábẹ̀wò Àgbà yọ bírò.

"Akọ̀wé," ni Ọ̀gá Àgbà wí, "bóyá ká fò lọ sí àwọn tó nítumọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa tò ó bó ṣe wà," ni Alábẹ̀wò Àgbà wí. "Ó ń wọ̀ mí létí."

Akọ̀wé mú ti dírẹ́bà. "Mo mọ Ọ̀gá Àgbà. Èmi ni mò ń gbé wọn lọ bẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò ní ọjọ́rú gbogbo. A ò tíì dé ilé-ẹ̀kọ́ kankan rí. Igi ńlá kan wà lọ́nà odò, abẹ́ rẹ̀ la máa ń páàkì sí, wọ́n á na àga ọkọ̀ sẹ́yìn, wọ́n á sùn. Tó bá di aago mẹ́ta, mo máa ń bu eruku sí bàtà wọn kó lè dà bíi pé a rìn jìnnà. Eruku pupa ni wọ́n fẹ́ràn, torí ó máa ń hàn. Wọ́n kì í hanrun púpọ̀."

Ẹ̀rín bú jáde lápá ẹ̀yìn. Àwọn tó wà níwájú ò lè rẹ́rìn-ín, torí pé àwọn ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n kàn ń wo àjà. Ọ̀gá Àgbà wo bàtà ara rẹ̀. Ó mọ́ tónítóní, ó sì wá jọ pé ìyẹn gan-an ni ẹ̀sùn náà.

Akọ̀wé ṣí fọ́ọ̀mù kẹrin. Ó wò ó, ó tún wò ó.

"Ìwé ọwọ́ ọmọdé ni," ni ó wí. "Ó gùn díẹ̀."

"Ọmọ náà wà níbí?" ni Alábẹ̀wò Àgbà bèèrè.

Ọmọbìnrin kan dìde lẹ́bàá ògiri, ẹni ọdún méjìlá. Ìyá rẹ̀ tó ń gbálẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lápá kejì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà, ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ń lọ aṣọ níbi ìfọṣọ kan. Ọmọ náà bọ́ síwájú, ó gba ìwé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á bí ọmọ tó mọ̀wé ṣe ń kàwé, kò yára, kò sì fà á.

"Màmá mi mọ Ọ̀gá Àgbà. Wọ́n mọ̀ pé kì í ṣí àpòòwé tí kò bá ní orúkọ ẹni ńlá lẹ́yìn. Ńṣe ló ń fà á ya sí méjì, tó ń jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Màmá mi ló ń da apẹ̀rẹ̀ náà nù. Nígbà tí wọ́n lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀, wọ́n rí ìwé ẹ̀gbọ́n mi nínú rẹ̀. Ipò kẹrin ni ẹ̀gbọ́n mi gbà lọ́dún náà, a sì ti ń retí èsì fún oṣù méjì. Màmá mi kò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní ìwé náà sọnù lọ́nà. Láti ọjọ́ náà, wọn ò da ìwé kankan nù mọ́. Wọ́n ń kó wọn wálé, wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, wọ́n sì ń tò wọ́n ní ọdọọdún. Ó ti kún páálí mọ́kànlá. Ìbéèrè keje ní ṣé ẹni ńlá kan ti wá sílé wa rí. Rárá. Ṣùgbọ́n ìwé tí Ọ̀gá Àgbà fọwọ́ ara rẹ̀ fà ya tó wà nílé wa lé ní ẹgbẹ̀rún méjì."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yíjú sí ìyá wọn. Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ ni. Ìyá náà kò wo ojú rẹ̀, ó kàn na ọwọ́, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"Màmá," ni Alábẹ̀wò Àgbà wí, "níbo ni àwọn páálí náà wà?"

"Wọ́n wà níta, mà. Dírẹ́bà bá mi fi ọkọ̀ Ọ̀gá Àgbà kó wọn wá."

Wọ́n kó wọn wọlé. Alábẹ̀wò Àgbà ṣí ọ̀kan, ó mú ìwé tó wà lókè. Ìlà ibi tó ti ya hàn gbangba láàárín, gọ́ọ̀mù sì ti mú un le bí páálí. Ó ka iye máàkì tó wà níbẹ̀, ó ka àdúgbò ọmọ náà. Bàbá kan dìde lẹ́yìn. Ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ dí ìpàdé lọ́wọ́.

"Ọmọ mi nìyẹn," ni ó wí. "Mo na ọmọ náà. Mo rò pé kò ṣe dáadáa ni."

Ọ̀gá Àgbà dìde. Etíkun ìmọ̀ ń làágùn. "Alábẹ̀wò Àgbà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Fèrèsé yàrá mi tóbi púpọ̀. Atẹ́gùn ló máa ń fà wọ́n ya."

"Láàárín gbọọrọ bẹ́ẹ̀?"

"Atẹ́gùn ibẹ̀ ò ṣe é mọ̀."

"Ọ̀gá," ni obìnrin náà wí, "ọdún wo ni wọ́n bí yín?"

Ọkùnrin tí kì í dáhùn ìbéèrè wo ọ̀tún, ó wo òsì. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò ó.

"Ní àárọ̀ ni," ni ó wí.

Alábẹ̀wò Àgbà kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an.

Ohun tó tẹ̀ lé e yá ju bí ènìyàn ṣe ń kó aṣọ nílé nígbà tí òjò bá ṣú. Agbaṣẹ́ṣe sún mọ́ Akọ̀wé, ó ní kó dá fọ́ọ̀mù òun padà díẹ̀, òun fẹ́ tún àṣìṣe kan ṣe. Ó fa ìlà sí "bí ẹni mọ owó," ó kọ "mo máa ń rí i lọ́nà" rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ń gbé báàgì gbé báàgì náà kalẹ̀. Ẹni tó ń sọ pé "Ẹ rọra, sà" ti lọ, kò sì sọ fún un pé kó rọra. Àwọn oníròyìn yí kámẹ́rà wọn sọ́dọ̀ Igbákejì, tó wà nítòsí jù.

"Ọ̀gá yín ni?" ni wọ́n bi í.

"Orí ilẹ̀ kan náà la jọ ń ṣiṣẹ́," ni Igbákejì wí. "Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n."

Ọ̀gá Àgbà dúró láàárín páálí mọ́kànlá. Ó gbìyànjú láti jáde, ṣùgbọ́n wọ́n dí ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó sún wọn fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó sún ọ̀kan. Ó wúwo ju bó ṣe rò lọ.

Lẹ́tà ìyọnilẹ́nu-iṣẹ́ dé ilé rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta. "Ọ̀gbẹ́ni" nìkan ló wà lórí rẹ̀, kò sí Olùdarí, kò sí Òpó. Ó gbé e lọ́wọ́ títí, ó ń wá ẹni tí yóò rán pé kó lọ dá a padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí pe àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí fóònù. Kọmíṣọ́nnà wà nípàdé. Máníjà báńkì wà nípàdé. Agbaṣẹ́ṣe ló gbé tirẹ̀, ó sì sọ fún un láti ẹnu ara rẹ̀ pé òun ò sí nílé. Àwọn ẹni ńlá tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kó jọ, ipò rẹ̀ ni wọ́n ti ń bá ṣọ̀rẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, ipò náà sì ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ má bá mi káàánú rẹ̀ jù. Àwọn tó fa ìwé wọn ya kò ní fóònù tí wọn ìbá fi pe ẹnikẹ́ni.

Wọ́n fi obìnrin kan rọ́pò rẹ̀, ó sì fagi lé fọ́ọ̀mù náà lọ́jọ́ tó wọlé. Igbákejì ló bá a ṣí ilẹ̀kùn. Ó sọ fún un pé láti ọdún yìí wá ni òun ti ń pariwo pé máàkì ìdánwò ló ṣe pàtàkì jù, pé wọn ò gbọ́ tòun ni. Ojú kan ló tún fi áńkáṣíìfù nù.

Ọmọbìnrin tó gba ipò kìíní lọ sórí òkè. Wọ́n sì kọ̀wé sí gbogbo àwọn tí ìwé wọn wà nínú páálí, pé ẹni tí máàkì rẹ̀ bá tó, tí kò tíì pé ogún ọdún, àyè rẹ̀ ṣì wà. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà kò bá ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí. Àwọn kan ti kó lọ. Àwọn kan ti bímọ. Àwọn kan kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n padà sídìí iṣẹ́. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wá.

Ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà lọ ṣẹ́ẹ̀tì tó wà níwájú rẹ̀ tán kó tó sọ fún onífọṣọ pé òun ń lọ. Ó ra aṣọ ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn tó wà lọ́jà kéré jù fún un, ìyá rẹ̀ ló tú etí aṣọ náà tó fi gùn sí i.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kìíní, ó ṣí ilẹ̀kùn kíláàsì. Àwọn ọmọ ọdún méjìlá tó wà níbẹ̀ wo gíga rẹ̀, gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ káàárọ̀, olùkọ́."

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò rẹ̀ wà ní ìlà kejì, ó ti fọwọ́ bo ẹnu. Àwọn yòókù ṣì wà lórí ìdúró, wọ́n ń retí ohun tí yóò sọ.

"Ẹ jókòó," ni ó wí.

Wọ́n jókòó. Ó rìn lọ sí ìlà ẹ̀yìn, ó fún ara rẹ̀ mọ́ àárín bẹ́ǹṣì àti tábìlì, orúnkún rẹ̀ kan igi. Ó mú ìwé tuntun jáde, ó sì kọ déètì sókè rẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ gan-an wọlé, òun náà dìde pẹ̀lú wọn.